Láti Pnyx dé Gortyn: ibi tí tọkùnrin tobìnrin Gíríìsì àtijọ́ gbé ayé wọn

Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń gun òkè Acropolis, wọ́n á ya fọ́tò Parthenon, wọ́n á sì gbà pé àwọn ti rí Áténì. Ilé òrìṣà ni wọ́n rí. Ìsàlẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti ń ṣèpàdé, tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́, tí wọ́n sì sin òkú wọn sí.

Òkè Pnyx, ní ìwọ̀ oòrùn Acropolis, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú dáadáa. Àpáta ibẹ̀ ti dán, ó sì ń yọ̀. Àtẹ̀gùn tí ẹ máa rí tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ni olùsọ̀rọ̀ ń dúró lé. Ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú Kristi, ìpàdé 40 ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lọ́dún, ọ̀rọ̀ bíi sísọ àjèjì di ọmọ ìlú sì gbọ́dọ̀ rí èèyàn 6,000. Àwọn ọkùnrin a máa fẹsẹ̀ falẹ̀ lọ́jà, débi pé okùn tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ń lé wọn wá. Nígbà tó yá, wọ́n ní láti máa san obol mẹ́ta, owó fàdákà kékeré, fún ẹni tó bá tètè dé.

Obìnrin kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, láti ọdún 451 ṣáájú Kristi, òfin Pericles, olóṣèlú Áténì, ti sọ pé ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Áténì nìkan ni ọmọ ìlú. Ẹni tí kò lè dìbò ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó lè dìbò.

Láti ibẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Agora, ọjà ìlú àtijọ́, kẹ́ ẹ wọ Stoa ti Attalos, tó jẹ́ mùsíọ́mù. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ kò tóbi, ọ̀pọ̀ sì máa ń kọjá lára rẹ̀. Kleroterion ni, ohun tí wọ́n fi ń ṣẹ́ gègé yan onídàájọ́: pátákó òkúta tí wọ́n lu ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ní ìlà-ìlà. Olúkúlùkù a ki páálí idẹ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ bọ ojú ihò kan. Wọn á da bọ́ọ̀lù funfun àti dúdú pọ̀ sínú ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn á máa jù ú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: bí funfun bá jáde, gbogbo ẹni tó wà ní ìlà yẹn di onídàájọ́ lọ́jọ́ náà, bó bá jẹ́ dúdú, kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹnikẹ́ni ò lè fi owó ra onídàájọ́ sílẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó máa jókòó. Ìkòkò omi ló ń díwọ̀n ọ̀rọ̀ olùpẹ̀jọ́: lítà 6.4, tó ń jò tán ní bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ìbò wọn jẹ́ idẹ pẹlẹbẹ tí ọ̀pá kékeré gba àárín rẹ̀ kọjá. Èyí tí ọ̀pá rẹ̀ dí dá ẹni náà sílẹ̀, èyí tó ní ihò dá a lẹ́bi. Tí ẹ bá fi ìka bo orí ọ̀pá náà, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tí ẹ mú.

Ibojì Kerameikos ló kàn. Ẹ má tìtorí orúkọ sọ̀ ní ibùdókọ̀ Kerameikos. Thiseio ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Nínú mùsíọ́mù ibẹ̀, ẹ wá òkúta Ampharete, ìyá àgbà tó gbé ọmọ jòjòló mọ́ra. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé ọmọ ọmọbìnrin òun nìyí, bí òun ṣe ń gbé e nígbà tí àwọn méjèèjì ń rí oòrùn ló wà lọ́wọ́ òun yìí, pé òun ti kú, ọmọ náà sì ti kú.

Lábẹ́ òfin Áténì, obìnrin wà lábẹ́ bàbá, ọkọ tàbí arákùnrin, kò sì lè ṣe káràkátà tó ju òṣùwọ̀n ọkà báálì kan lọ, bíi lítà 52. Bàbá ìyàwó ló ń fowó sílẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ọkọ bíi tiwa. Bí wọ́n bá kọ ara wọn sílẹ̀, ọkọ gbọ́dọ̀ dá owó náà padà, tàbí kó san èlé ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ìyẹn máa ń jẹ́ kí ọkọ rò ó dáadáa.

Spátà wà ní ohun tó lé ní 200 kìlómítà sí Áténì. Kò sí ohun púpọ̀ láti wò níbẹ̀. Ní ọmọ ọdún méje ni wọ́n ń gba ọmọkùnrin lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àgbà tí kò bá lè dá ìpín tirẹ̀ mọ́ nínú oúnjẹ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ pọ̀ a pàdánù ipò ọmọ ìlú. Àwọn obìnrin wọn ń ṣeré ìdárayá ní gbangba, wọ́n sì ní ilẹ̀: Aristotle kọ ọ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú márùn-ún.

Lójú tèmi, Gortyn ní erékùṣù Kírétè ló yẹ kéèyàn fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún, bíi kìlómítà 45 sí ìlú Heraklion. Òfin ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú Kristi wà lára ògiri níbẹ̀, òpó ìkọ̀wé 12, ìlà tó lé ní 600. Ara òkúta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, nítorí náà ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè fi lẹ́tà hàn. Ìlà kan lọ sápá òsì, èyí tó tẹ̀ lé e padà sápá ọ̀tún. Òfin náà ní kí ilé inú ìlú àti ẹran ọ̀sìn jẹ́ ti ọmọkùnrin. Nínú ìyókù, ọmọkùnrin gba ìdá méjì, ọmọbìnrin gba ìdá kan. Bí ọmọbìnrin bá jẹ́ àrólé láìní arákùnrin, tí kò sì fẹ́ ìbátan tó ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ ẹ, ó lè mú ilé inú ìlú, kó pín ìyókù pẹ̀lú ọkùnrin náà sí méjì, kó wá fẹ́ ẹlòmíì láàárín ẹ̀yà rẹ̀. Ní Áténì, wọn ò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ní Gortyn a kó ohun tó mú wá, pẹ̀lú ìlàjì aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Bó bá jẹ́ ọkọ ló fà á, a fi statẹ́à márùn-ún, ìyẹn owó fàdákà, lé e.