Kí ẹ tó fi Linux sí ẹ̀gbẹ́ Windows

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí flash, n kò ní tún un sọ. Windows ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sórí ẹ̀rọ. Disk Management rẹ̀ ni kí ẹ fi dín C: kù, kí àyè lè wà fún Linux; 50 GB tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi powercfg /h off pa Fast Startup, torí bí ó bá wà, Windows kì í kú tán, Linux sì lè ba fáìlì rẹ̀ jẹ́.

BitLocker, ètò tí Windows fi ń ti dísìkì, ló ń pa iṣẹ́ run. Láti ìgbà Windows 11 24H2, tó jáde ní 2024, bí ẹ bá fi Windows tuntun sórí ẹ̀rọ tí ẹ sì wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft, ó sábà máa ń ti dísìkì fúnra rẹ̀ láìbéèrè. TPM, ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ, ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá pa Secure Boot, ààbò tó ń yẹ ètò wò nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tan, TPM á rí i pé nǹkan ti yí, kò ní yọ̀ǹda kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ojú kọ̀ǹpútà á di búlúù, á ní kí ẹ tẹ díjíìtì 48. Bí ẹ kò bá ní in, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ti laptop tókùnbọ̀ tún burú jù: bó bá jẹ́ ímeèlì ẹni tó tà á ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀, inú àkáǹtì onítọ̀hún ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Inú ń bí mi sí àwọn tó ń sọ fún ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ pé "ẹ ṣáà pa Secure Boot," tí wọ́n á sì dákẹ́. Project ọdún mẹ́rin wà lórí dísìkì yẹn! Ubuntu àti Fedora, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, kò tilẹ̀ nílò kí ẹ pa á, Microsoft ti buwọ́ lu shim wọn, ètò kékeré tó ń kọ́kọ́ ṣí wọn. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ tẹ manage-bde -status C:. Bí ó bá fi hàn pé BitLocker ti ti dísìkì, manage-bde -protectors -get C: á gbé díjíìtì 48 náà jáde. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kì í ṣe sórí ẹ̀rọ kan náà o. Ẹ wá tẹ manage-bde -protectors -disable C: -rc 0 láti dá ààbò rẹ̀ dúró. Láìsí òdo yẹn, ààbò á padà bí ẹ bá ti tún ẹ̀rọ tan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi manage-bde -protectors -enable C: dá a padà nígbà tí Windows àti Linux bá ti ń ṣí dáadáa. Bí installer Linux bá ṣì kọ̀ nítorí BitLocker, manage-bde -off C: ló kù, ẹ sì dúró títí yóò fi tú tán.

Bí aago Windows bá fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn, kò bàjẹ́. UTC, aago àgbáyé, ni Linux ń kọ sínú aago ẹ̀rọ, Windows sì ń kà á sí aago Nàìjíríà. Nínú Linux, ẹ tẹ timedatectl set-local-rtc 1.