Ibo Ni Oòrùn Wà Nínú Àwòrán Yìí?

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń ya fọ́tò jẹun. Fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò ọjọ́ ìbí, èyí tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Bí mo bá wọ yàrá báyìí, fèrèsé ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń wá kí ẹnu mi tó kí ará ilé. Mo ti mọ ibi tí n ó ní kí oníbàárà dúró sí kó tó jókòó.

Ọ̀nà tí mo gbà kó sínú iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà ò níyì rárá. Oorun ò wá lóru ọjọ́ kan, mo bá ń tú fáìlì àtijọ́ wò. Mo rí fọ́tò àga kan tí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ hun, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo ti yà á. Mo tún rí etí òkun tí mo yà nírọ̀lẹ́. Mo gé àga, mo gbé e sí ibi tí omi ti ń fà kúrò lórí iyanrìn. Ilẹ̀ mọ́ bá mi nídìí ẹ̀, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi, òun náà ń ya fọ́tò. Èsì rẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ: “Ẹ̀gbọ́n mi, ibo ni oòrùn wà nínú àwòrán yìí?”

Ojú tì mí. Lára àga, ọwọ́ òsì ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Lórí omi, oòrùn ń wọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Oòrùn méjì ni mo dá sójú ọ̀run kan, èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá lé ìmọ́lẹ̀ kiri.

Bí èèyàn bá ń ya fọ́tò, ayé ló ń bá a ṣètò òjìji. Lórí kọ̀ǹpútà, ohun tí o ò bá fọwọ́ ara rẹ ṣe kò sí níbẹ̀. Òjìji tí mo kọ́kọ́ kùn sábẹ́ àga dúdú kirikiri látòkè délẹ̀, bí ẹni da ọ́ìlì ọkọ̀ sílẹ̀. Ni mo bá gbé àga náà síta nírọ̀lẹ́, mo kúnlẹ̀ tì í. Nídìí ẹsẹ̀ àga, etí òjìji mú, ó dúdú. Bó ṣe ń jìnnà sí ẹsẹ̀ àga ni etí rẹ̀ ń rọ̀, tó ń ṣí. Búlúù díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, torí ibi tí oòrùn ò dé, ojú ọ̀run ṣì ń tàn sí i. Bẹ́ẹ̀, àìmọye ìgbà ni mo ti ya irú òjìji yìí!

Mo tún àga náà yà. Mo fi oòrùn sẹ́yìn rẹ̀, mo sọ kámẹ́rà kalẹ̀ dé orúnkún bó ṣe wà lọ́jọ́ tí mo ya òkun, lẹ́ǹsì 35mm kan náà. Iyanrìn tó tutù kì í gba òjìji nìkan, ó tún ń fi àga náà hàn lódìkejì, tí yóò máa wárìrì bọ̀ wá bá ẹni tó ń wò ó. Ìyẹn náà di layer tirẹ̀, abala kan tí a ń tò lé òmíràn lórí kọ̀ǹpútà.

Wàhálà wá ku ti ihò ara pankẹ́rẹ́, torí omi tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ hàn nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Lórí mask, ìbòjú tí a ń fi sórí layer, funfun ń fi nǹkan hàn, dúdú ń bò ó mọ́lẹ̀, àwọ̀ eérú wà láàárín. Mo fi dúdú kun àwọn ihò náà níkọ̀ọ̀kan, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì tí agbára rẹ̀ ò ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ rọ etí wọn. Alẹ́ mẹ́ta. Ọrùn mi fẹ́ẹ̀ já.

Ojú ọ̀run náà fìyà jẹ mí. JPEG, fáìlì fọ́tò tí wọ́n ti fún pọ̀, ni mo ti ń lò, torí kì í gba àyè. Ìpele 256 péré ló ní fún pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ní kó máa ṣókùnkùn lọ sókè, ó já sí ìlà-ìlà bí àtẹ̀gùn. RAW kámẹ́rà mi, fáìlì bí kámẹ́rà ṣe gba ìmọ́lẹ̀ gan-an, jẹ́ bit 14, ìpele 16,384 nìyẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì pa RAW ọjọ́ náà rẹ́.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ sórí ìwé ṣókùnkùn bí ẹni yà á lóru. Díẹ̀ ló kù kí n bá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jà, kí n tó rántí pé mo ti gbé ìmọ́lẹ̀ síkírìnì mi dé òkè pátápátá. Síkírìnì ń tàn fúnra rẹ̀; ìwé ò níná nínú, èyí tó bá bọ́ sórí rẹ̀ ló ń dá padà. Mo dín in kù, mo tún un tẹ̀ sórí ìwé òwú. Píkísẹ̀lì, ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, 6000 ni fáìlì mi gùn. Mo pín in sí 300 fún ínǹṣì kan, ó jẹ́ 20 ínǹṣì, mi ò sì fipá fẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan ní ojóóró ni kí èèyàn máa to fọ́tò pọ̀ báyìí. Mi ò bá wọn jà. Ní 1857, ayàfọ́tò kan, Oscar Rejlander, to nẹ́gátíìfù tó lé ní ọgbọ̀n pọ̀ di fọ́tò kan ṣoṣo, ariwo yìí sì ti wà nílẹ̀ láti ìgbà náà. Ní Amẹ́ríkà, ayàfọ́tò Jerry Uelsmann ń gbé ìwé láti abẹ́ ẹ̀rọ kan tó ń tan nẹ́gátíìfù sórí ìwé sí òmíràn nínú yàrá òkùnkùn, ọ̀pọ̀ ọdún kí Photoshop, ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, tó jáde ní 1990. Èmi ò ṣáà pè é ní ìròyìn. Oníbàárà ìgbéyàwó mi ṣì ń gba ọjọ́ rẹ̀ bó ṣe rí, àfi rorẹ́ tí wọ́n bá ní kí n bá wọn pa.

Àbúrò mi wá sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dúró síwájú àwòrán náà. Mo ń dúró kó béèrè oòrùn. Ó wò ó títí, ó ní, “Ta ló dìde lórí àga yẹn?”

Mo ní mi ò mọ̀.