Inú tíátà iṣẹ́ abẹ ni olùkọ́ tí ẹ ń wá wà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá báyìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì akunilóorun, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ń fún aláìsàn lóògùn oorun nígbà iṣẹ́ abẹ, ní ìpínlẹ̀ Texas, mo sì ti fi mẹ́fà nínú ọdún wọ̀nyí kọ́ àwọn tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ náà ní yunifásítì. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ níbẹ̀, wíwá àwọn olùkọ́ mìíràn ló fún mi ní wàhálà jù lọ. Mo kọ́kọ́ ṣe é lọ́nà tí kò tọ́, mo sì pàdánù ẹni tó dára nítorí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú ẹrù yìí lé lórí, pàápàá àwa ọmọ Yorùbá tí a wà nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà níhìn-ín.

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kórìíra ìkọ́ni ló jẹ́ kí olùkọ́ ṣọ̀wọ́n. Láti ọdún 2022 ni COA, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Amẹ́ríkà, kò ti gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé fún ẹ̀kọ́ yìí mọ́, àfi tó bá jẹ́ ti oyè ọ̀mọ̀wé. Ó kéré tán, oṣù 36 ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò, yóò sì ti kópa nínú iṣẹ́ 600 tí a fi ń kun aláìsàn lóorun, kí wákàtí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìwòsàn sì tó 2,000. Lẹ́yìn èyí, ó tún ní iṣẹ́ ìwádìí tí yóò ṣe parí, èyí tí kò lè dá ṣe láìsí ẹni tí yóò máa bá a ka ohun tó kọ. Iṣẹ́ olùkọ́ wá pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló kàwé nígbà tí oyè másítà ṣì tó. Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà níbẹ̀: ẹni tó bá dúró sí tíátà lè máa gba ohun tó ju 200,000 dọ́là lọ́dún, agbára káká sì ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fi lè san iye bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́, a kéde iṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a jókòó, a ń retí. Nígbà tí a ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó wá lẹ́nu wò, iye ìwé tí wọ́n ti kọ ni a ń kà. A gba obìnrin kan tí gbogbo wa fẹ́ràn, ọmọ ilẹ̀ wa ni. A ní kó fi tíátà sílẹ̀ pátápátá kó lè ráyè fún ìkọ́ni, a fún un ní kọ́ọ̀sì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì í láti fi bí a ṣe ń ṣètò ìdánwò hàn án. Kí ọdún kejì tó pé, ó ti lọ. Mo pè é lẹ́yìn ìgbà náà, mo bi í bóyá owó ni. Ó ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi ló ń ṣe mí bíi pé ó ti ń gbàgbé iṣẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, nítorí pé a lè dènà rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ sínú tíátà láti wá olùkọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń bi pé ta ló ń kọ́ wọn tí ó ń yé wọn, orúkọ kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń dá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo ń wo ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fẹ́ ki rọ́bà bọ ọ̀nà èémí aláìsàn tó ti sùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ẹlòmíràn ìbá ti já irin tó fi ń wo ọ̀nà ọ̀fun gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí kàn fi ìka méjì gbé ìgúnpá akẹ́kọ̀ọ́ náà sókè díẹ̀, ó sì rọra sọ pé, "Má kánjú. Ọ́síjìn tí o ti fún un ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, o ní àyè." Rọ́bà wọlé, ìlà tó ń fi èémí hàn gòkè lójú ẹ̀rọ, gbogbo wa mí kanlẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ náà parí, ó bi í pé, "Ká ní o kò rí ọ̀nà yẹn, kí ni ò bá ṣe?" ó sì dákẹ́ títí tí ẹni náà fi ronú débi ìdáhùn. Kò tíì kọ ìwé kankan rí, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mo rí yẹn.

Ẹ má ṣe fi ímeèlì bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ lọ bá a, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí i tó ṣe ní pàtó, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé ohun tí àwọn ń ṣe lójoojúmọ́ yẹn ni a ń pè ní ìkọ́ni. Tí oyè másítà ló bá ní, ẹ bá a ṣírò bí yóò ṣe kàwé sí i. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ètò ẹ̀yáwó kan tó ń jẹ́ Nurse Faculty Loan Program; bí yunifásítì bá wà nínú rẹ̀, wọ́n lè fagi lé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè náà fún ẹni tó bá fi ọdún mẹ́rin ṣe olùkọ́ nọ́ọ̀sì lẹ́yìn tó gboyè. Mo ti rí ẹni tí ìròyìn yìí nìkan yí lọ́kàn padà.

Ohun tí n kò jẹ́ fi ṣeré mọ́ ni ọjọ́ tíátà. Ọjọ́ kan, ó kéré tán, láàárín ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti tíátà fún olùkọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, nítorí ọ̀gá tó fẹnu ṣèlérí lè kúrò lọ́la. Ó ń jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá, ó sì ń dí díẹ̀ nínú àlàfo owó. Ní sáà àkọ́kọ́, kọ́ọ̀sì kan ti tó o, kí àgbà olùkọ́ kan sì máa bá a wọ kíláàsì. Òfin COA kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ju méjì lọ lọ́dọ̀ olùkọ́ kan nínú tíátà. Mo máa ń lo iye yẹn fún iṣẹ́ ìwádìí pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pa á láṣẹ fún mi, torí pé ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ń dúró dè kò lè tọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn dáadáa.

Ẹ wá olùkọ́ tí ìtọ́dàgbà wọn kò jọra pẹ̀lú. Wọ́n kọ ọ́ nípa akẹ́kọ̀ọ́ wa kan, ọmọ Yorùbá, pé kò dá ara rẹ̀ lójú, nítorí pé kì í wo olùkọ́ lójú bí wọ́n bá ń bá a wí. Ilé tó ti wá ni wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó gba pé kí ẹni tó mọ ilé náà wà nínú ìpàdé kó tó di pé a yí àkọsílẹ̀ yẹn padà.

Ọkùnrin tí mo wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn ti gboyè ọ̀mọ̀wé báyìí, ó sì wà pẹ̀lú wa. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tíátà rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ó mú orúkọ ènìyàn méjì tó ti ń ṣọ́ láti ìgbà díẹ̀ wá fún mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni èmi àti òun jọ ń lọ wo ẹni àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́.