Ẹ gbé e dé ná
Àǹtí mi ń ra fáànù tó ń gba iná pamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lánàá. Wọ́n yan ọjà tán, ó ku owó. Bó ṣe di pé kí wọ́n tẹ nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì báyìí, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. “Èmi kọ́! Kí wọ́n gbé e dé, kí n tàn án, kó yí lójú mi, màá ṣe tiráńsífà fún ẹni tó gbé e wá.”

Mi ò bá wọn jiyàn. Látìgbà tí náírà ti wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni tiráńsífà ti mọ́ wa lára gan-an. Ṣùgbọ́n tá a bá sanwó kọ́jà tó dé, tówó wá há sójú ọ̀nà ńkọ́, tí báǹkì ní ká ṣe sùúrù? Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ sísanwó lẹ́nu ọ̀nà nígbà tọ́jà bá dé kúrò.