Datsun náà dáhùn lónìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dáhùn! Ọkọ̀ Datsun 240Z ọdún 1972 tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé kalẹ̀ sẹ́yìnkùlé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ títí koríko fi bò ó. Ilẹ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún débi pé mò ń rí yanrìn láti orí ìjókòó. Oṣù mẹ́ta ni wẹ́dà wa ní Tákíé fi pààrọ̀ páànù.

Ẹ́ńjìnnì L24, sílíńdà mẹ́fà, kò yọ wá lẹ́nu. Kabúrétọ̀ méjèèjì, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún. Bí ọ̀kan bá ń fa afẹ́fẹ́ ju èkejì lọ, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́. Bàbá mẹkáníìkì ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ etí, wọ́n na ẹnu kejì sí kabúrétọ̀, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń mí, wọ́n ń yí ìdè díẹ̀díẹ̀.

Mo yọ pọ́íǹtì, irin kékeré tó ń já iná kí pọ́lọ́ọ̀gì lè ṣáná, mo fi dísíbútọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún pọ́lọ́ọ̀gì) ti Datsun 280ZX rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan ní kí n gbé ẹ́ńjìnnì Toyota sí i. Rárá o! Ohùn L24 yẹn gan-an ni mo ń wá.

Bàbá mẹkáníìkì ní, “Ó yá, ọmọ mi, sítáàtì ẹ̀.”

Ẹ̀ẹ̀kíní, kẹ́kẹ́ pa. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó bú bí ẹkùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn ò sọ̀rọ̀.