Bí ẹ bá fẹ́ dúró ti ìdílé Aboriginal, ẹ jẹ́ kí onílé ṣáájú

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣe nọ́ọ̀sì, tí ẹ ń tọ́jú ọmọ, tàbí tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ní Ọsirélíà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó pẹ́, ó yá, wọ́n á rán yín sí ìdílé Aboriginal, ìyẹn àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ Ọsirélíà, tí ọ̀fọ̀ tàbí wàhálà ilé ti dà láàmú. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé ìrànlọ́wọ́ tí kò bá ti ọwọ́ àwọn ará ìlú náà fúnra wọn wá, inú fáìlì ló máa ń kú sí.

Lọ́dọ̀ wọn, àlàáfíà ọkàn kì í dá dúró. Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn, Graham Gee, Pat Dudgeon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2014 pé ọ̀nà méje ló so pọ̀: ara, ọkàn, ẹbí, àwùjọ, àṣà, ilẹ̀, àti ẹ̀mí pẹ̀lú àwọn baba ńlá. Nítorí náà, bí bàbá kan bá ní òun kì í rí oorun sùn, kí ẹ tó dárúkọ oògùn, ẹ béèrè bó ti pẹ́ tó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀, àti ta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Ọkọ̀ tó kún fún epo, àgbàlagbà méjì tó mọ ilẹ̀ náà, ọ̀dọ́ mẹ́fà, ọjọ́ méjì létí omi: èyí máa ń ṣe ohun tí yàrá kílíníìkì kò lè ṣe. Àwọn àgbà ni kó yan ibi tí ẹ máa lọ. Ibi kan wà tó jẹ́ ti obìnrin nìkan, òmíràn jẹ́ ti ọkùnrin.

Ẹ̀rù tí ẹ máa bá nínú ilé kì í ṣe àròsọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba àti àwọn míṣọ́nnárì ń já ọmọ Aboriginal gbà lọ́wọ́ òbí wọn. Ìwádìí tí wọ́n pè ní Bringing Them Home tú u síta ní 1997, olórí ìjọba sì tọrọ àforíjì ní ilé aṣòfin ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì, 2008. Síbẹ̀, bí ìyá àgbà bá rí káàdì ìjọba lọ́rùn yín àti ìwé lọ́wọ́ yín, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ẹ má dúró kó tó béèrè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ẹ sọ ohun tí òfin ní kí ẹ fi sun, ẹni tó máa ka ohun tí ẹ bá kọ, àti ohun tí kò ní jáde. Nígbà tí ara ṣì tù wọ́n, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó lè gba ọmọ sọ́dọ̀ bí nǹkan bá le: ìyá àgbà, àbúrò ìyá, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá gbà, ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀. Ìlànà wà pé mọ̀lẹ́bí ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò kí ọmọ tó lọ sọ́dọ̀ àjèjì, àmọ́ bí kò bá sí orúkọ nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí nǹkan dàrú, ibi tí àyè bá ti ṣí sílẹ̀ ni wọ́n máa gbé ọmọ lọ.

Ẹ má dá lọ. Láti ìgbà tí àwọn Aboriginal àdúgbò Redfern ti dá ilé ìwòsàn tiwọn sílẹ̀ ní Sydney ní 1971, irú rẹ̀ ti wà káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ẹ bá òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tẹsẹ̀ bọ ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè bóyá ọkùnrin ló yẹ kó lọ tàbí obìnrin. Bí ẹ bá dé, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn, kì í ṣe ní ojúkojú. Abẹ́ igi dára ju yàrá lọ. Wọ́n á fẹ́ mọ ẹni tó bí yín. Ẹ dárúkọ ìlú yín, ẹ sọ̀rọ̀ ẹbí yín díẹ̀. Bí ẹnì kan bá dákẹ́, ẹ má fi ìbéèrè mìíràn dí àyè náà. Ó ń ronú ni.

Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. “Ṣé ó ti yé yín?” Bẹ́ẹ̀ ni. “Ṣé ẹ máa wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?” Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìwà pẹ̀lẹ́ ni “bẹ́ẹ̀ ni” yẹn, tàbí kí ẹ lè tètè máa lọ. Ẹ bi wọ́n pé, “Báwo lẹ ṣe máa dé ibẹ̀? Ta ló máa mójú tó àwọn ọmọ?” Ìgbà yẹn lẹ máa gbọ́ pé kò sí ọkọ̀.

Fún ètò ìtọ́jú, ìwé Stay Strong tí wọ́n ṣe ní Northern Territory, ní àríwá Ọsirélíà, ni mo fara mọ́ jù. Ẹ tẹ̀ lé bó ṣe tò ó: àwọn tó ń fún un lókun, ohun tó ń gbé e ró, ohun tó ń gba okun lára rẹ̀, lẹ́yìn náà ohun kan tàbí méjì tó fẹ́ yí padà. Ẹni tó bá fi ìṣòro ṣáájú ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, torí èèyàn á ti sọ̀rètí nù kó tó dé ibi okun rẹ̀.

Bí ikú bá wọlé, ohun gbogbo dúró. Ìsìnkú lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan torí àwọn ẹbí tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ má ti fáìlì ẹni tí kò wá ní àkókò yìí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọn kì í dárúkọ òkú, wọn kì í sì í fi àwòrán rẹ̀ hàn; ẹ bi ẹbí léèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí ẹ máa lò. Bí opó bá ní òun gbọ́ ohùn ọkọ òun lálẹ́, ẹ má sáré kọ àìsàn ọpọlọ sílẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà bóyá irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lákòókò ọ̀fọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ má sọ pé, “Èmi náà dúdú, mo mọ bó ṣe rí.” Àwa ṣì ní ilẹ̀ tí a lè padà sí. Bí ìdílé bá fẹ́ rí ngangkari, oníṣègùn ìbílẹ̀ àárín gbùngbùn Ọsirélíà, ẹ bá wọn wá ọkọ̀, ẹ má ṣe àdúrà ìdásílẹ̀ lé wọn lórí.

Bí ẹ bá fura pé ẹnì kan fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ẹ bi í ní tààrà. Ìbéèrè náà kì í ti èèyàn sí i. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Pẹ̀lú ẹbí, ẹ ṣètò ẹni tó máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ òní àti lọ́la, ẹ kó oògùn àti okùn kúrò nítòsí, kí ẹ sì fún un ní nọ́ńbà 13YARN, 13 92 76, níbi tí ọmọ Aboriginal tàbí ọmọ erékùṣù Torres Strait ti máa gbé fóònù tọ̀sán tòru. Bí ewu bá ti dé tán, 000 ni kí ẹ pè.

Ẹ san owó fún àwọn àgbà. Dókítà ń gbowó, nọ́ọ̀sì ń gbowó, àmọ́ ìyá tó jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ di ìdájí, tíì àti bísíkíìtì ni wọ́n ń fún un. Ẹ kọ owó ìjókòó wọn, epo ọkọ̀ àti oúnjẹ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí tí ọdún bá ti dé ìdajì, kò sẹ́ni tó máa rí owó náà fún yín mọ́.