Ibi Tí Ó Yẹ Kí N Ti Yí Padà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Láàárín Ìkẹjà àti Ìlọrin

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó kọjá tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí n kò bá kọ ọ́ nísinsìnyí tí ó ṣì ń dùn mí, n ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bàálù kékeré jáde láti Èkó ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ó ti rí láti jí ní aago mẹ́rin ìdájí ní Ìlúpéjú tàbí ní Ògbà, kí ẹ yọjú wo ojú ọ̀run láti ojú fèrèsé, nígbà tí ọkàn yín ti pinnu pé ẹ ó lọ kí ẹ tó ka ìròyìn ojú ọjọ́ rárá. Bí èmi náà ti ṣe nìyẹn.

Àwa tí a jọ kọ́ bàálù wíwà ni a ṣètò láti pàdé ní Ìlọrin ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kìn-ín-ní, kí olúkúlùkù gbé bàálù tirẹ̀ tàbí èyí tí ó háyà wá, kí a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a jẹun, kí a ránti àtijọ́, kí a sì padà sílé ní ọjọ́ kejì. Cessna 152 ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan jọ ní. Bàálù ẹlẹ́ni méjì ni, láti 1977 títí di 1985 ni wọ́n fi ń ṣe é, kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì ṣe é fún, kì í ṣe ẹrù rírù.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ara rẹ̀, gbogbo ohun tí tiwa lè gbé, àti ènìyàn, àti ẹrù, àti epo, kò gbọ́dọ̀ ju kílò 235 lọ. Èmi wọn kílò 78, ẹ̀gbọ́n mi wọn 86. Bí ó bá jẹ́ pé àwa méjèèjì nìkan ni a fẹ́ lọ, à bá rọ epo kún, nǹkan bíi lítà 92, tí yóò gbé wa fò fún wákàtí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí ìrẹsì ọ̀fadà àti ọbẹ̀ ayamáṣe fún àwọn ará ibẹ̀. Mo gbé kúlà tí mo kó oúnjẹ náà sí pẹ̀lú àpò aṣọ wa lọ sórí òṣùwọ̀n oníṣòwò kan ní Muṣin: kílò 24. Mo jókòó sídìí tábìlì, mo ṣírò rẹ̀, mo sì rí i pé epo kò gbọ́dọ̀ ju lítà 65 lọ. Epo tó lè gbé wa fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ ní Ìkẹjà nítorí kúlà.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé n kò ṣírò nǹkan kan, pé mo kàn gbéra ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí mo fi ṣírò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi títí di òní, kò sì sí àṣìṣe nínú ìṣirò náà. Láti Ìkẹjà dé Ìlọrin jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 245, bàálù wa ń sá kìlómítà 180 ní wákàtí kan, ó sì ń mu nǹkan bíi lítà 23. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, lítà 31, ó ku 34. Ó tó láti lọ, ó tó láti padà sí Ìbàdàn bí nǹkan bá yí, ó sì tún kù. Ohun tí kò sí nínú ìwé náà ni afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ibẹ̀ gan-an sì ni Ìlọrin wà sí Èkó, nítorí náà bí ọyẹ́ bá mú dáadáa, iwájú yín ni yóò ti máa tì yín sẹ́yìn ní gbogbo ọ̀nà. Ní ọjọ́ yẹn, ìṣísẹ̀ tiwa lórí ilẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 143 ní wákàtí kan lọ.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni a fẹ́ gbéra. Ìwé àṣẹ pẹ́ kí ó tó jáde, nígbà tí ó sì jáde, a tún dúró pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́ kí àwọn bàálù ńlá lọ tán. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹsẹ̀ wa kúrò nílẹ̀. Ìròyìn ojú ọjọ́ tí mo ní lọ́wọ́ jẹ́ ti aago mẹ́fà òwúrọ̀: kìlómítà 6 ni ojú lè ríran dé ní Ìlọrin nígbà náà, òfin sì ní kìlómítà 5 ni ó kéré jù fún àwa tí a ń fi ojú fò. N kò béèrè òmíràn. Mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ti dé ṣáájú, wọ́n ní ó dára, kí a máa bọ̀. N kò bá wọn wí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń dúró de ìrẹsì lọ́wọ́ yín kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí ojú ọ̀run. Pápá bàálù ni kí ẹ pè. Ẹni tí ó wà nínú ilé ìṣọ́, tí kò mọ̀ yín rí, ni kí ẹ bi.

Òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ni a tẹ̀ lé, a kọjá Mówé, a kọjá Ṣágámù, gbogbo rẹ̀ ṣì dára. Nígbà tí a fi máa rí àwọn òrùlé Ìbàdàn tí páànù wọn ti dógùn-ún, a ti pẹ́ ju àkókò tí mo kọ sínú ìwé lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀gbọ́n mi wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Àbúrò, ṣé kí a má kúkú balẹ̀ síbí?”

Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ jẹ́ kí a dé Ọ̀yọ́, ẹ̀gbọ́n. Bí kò bá dára, a ó padà.”

A dé Ọ̀yọ́, mo sì ní kí a dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà nìyí. Ibi ìyípadà tí a kò bá kọ sílẹ̀ máa ń rìn ni. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ọn ni yóò máa sún síwájú, títí yóò fi gbé yín dé ibi tí iwájú kò ti ṣe é lọ, tí ẹ̀yìn kò sì rọrùn. Ká ní mo ti kọ ọ́ sórí ìwé ní Ìkẹjà pé Ìbàdàn ni, aago báyìí ni, bí ìṣẹ́jú tí a pẹ́ bá ju mẹ́wàá lọ a ó balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kì bá tí ní láti béèrè, èmi náà kì bá sì ní ìdáhùn kankan lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọyẹ́ ṣe ń tan ènìyàn lókè, nítorí pé ẹni tí ó wà nílẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n. Bí mo bá wo ìsàlẹ̀ gan-an, mo ń rí ohun gbogbo: òrùlé, ojú ọ̀nà pupa, agbo màlúù funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ fún ara mi pé mo ṣì ń ríran. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2,500 sí wa lọ, ìwọ̀nba eruku ni ó wà láàárín wa. Iwájú ni ojú ti ní láti la kìlómítà púpọ̀ eruku kọjá, iwájú sì ti di funfun bí omi ògì. Ọ̀run àti ilẹ̀ kò ní ààlà mọ́. Mo wá ibi tí wọ́n ti pàdé, n kò rí i.

Mo tún fò fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Pápá Ìlọrin, tí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ rẹ̀ ju kìlómítà mẹ́ta lọ, wà níwájú mi ní ibi tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, n kò sì rí nǹkan kan. Lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé ojú kò ríran ju kìlómítà 2 lọ níbẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú láti wo máàpù tí ó wà lórí itan mi, bóyá ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ìró ẹ́ńjìnnì ti yí padà, ó ti ń ké sí i, ó ń ké sí i. Gbogbo ara mi ń sọ fún mi pé bàálù tẹ́jú bí orí tábìlì. Mo búra nínú ọkàn mi pé ó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ géèjì tí ó ń fi gíga wa hàn ń yí wálẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 3,400, 3,200, 3,000. Àyà mi já. Òógùn bò mí ní inú òtútù ọyẹ́. Mo fẹ́ fa ìdarí sókè pẹ̀lú gbogbo agbára mi.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ó na ọwọ́ rẹ̀ kọjá níwájú mi, ó fi èékánná kan gíláàsì géèjì tí ó ń fi bí bàálù ṣe dúró hàn. Mo gbọ́ bí ó ti dún, kó, kó. Ó ní, “Má wo ìta mọ́. Èyí ni kí o wò. Tẹ́ apá rẹ̀ ná, kí o tó gbé imú.”

Apá òsì wa ti wọlẹ̀, bàálù ń yí, ó sì ń sọ̀kalẹ̀. Ká ní mo fà á sókè bí mo ti fẹ́ ṣe, ńṣe ni ìyípo náà ìbá le sí i. Omi inú etí ni ó ń tan ènìyàn jẹ báyìí. Bí bàálù bá rọra ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀, omi náà kì í mọ̀, bí ojú kò bá sì rí ààlà ilẹ̀ àti ọ̀run, ara kò ní ohun tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe. Mo tẹ́ apá rẹ̀, mo gbé imú rẹ̀, ó dúró sí 2,900. Láti ojú òkun ni géèjì yẹn ti ń kà, ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 1,000 lọ. Lẹ́yìn náà ni mo fi géèjì nìkan yí padà, díẹ̀díẹ̀, tí ojú mi kò kúrò lórí gíláàsì yẹn títí a fi kọjú sí Ìbàdàn.

A balẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọ̀sán. Mo gun apá bàálù, mo ti ọ̀pá ìwọnpo bọ inú táǹkì, epo aláwọ̀ búlúù náà kò ju ẹnu ọ̀pá lọ. Lítà 9 ni ó kù nínú méjèèjì, kò tó ìṣẹ́jú 25, bẹ́ẹ̀ òfin ní kí a máa ní ti ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tí a bá dé ibi tí à ń lọ. A pín ìrẹsì náà fún àwọn ènìyàn tí a bá níbẹ̀, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà, a sọ̀kalẹ̀ ní Alágoméjì. Ó gba ọjọ́ mẹ́rin kí a tó rí epo bàálù, nítorí pé èyí tí àwọn bàálù ńlá ń mu kò ṣe é lò fún tiwa. Lẹ́yìn náà a lọ gbé e wálé.

Nítorí náà, ẹ wọn epo ṣáájú ohun gbogbo, kí ẹrù gba èyí tí ó bá ṣẹ́ kù. Ẹ má ṣe ìṣirò àkókò láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, pàápàá láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó gbéra, ìròyìn ojú ọjọ́ tí ẹ ní lọ́wọ́ ti gbó, ẹ béèrè tuntun. Ẹ kọ́ bí a ti ń fi géèjì nìkan yí padà, kí ẹ sì máa ṣe é lóòrèkóòrè pẹ̀lú olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mo ti kọ́ ọ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, n kò sì tún un ṣe láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyẹn, ẹ kọ ibi tí ẹ ó ti yí padà sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ìlú náà, ẹ kọ aago, ẹ kọ iye epo. Ẹ kọ ọ́ nílé, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa dúró dè yín, kí ẹ sì fún ẹni tí ó jókòó tì yín ní ẹ̀dà kan, kí ó jẹ́ pé òun ni yóò kà á jáde. Mo mọ̀ pé àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yóò ní àwọn ń fi orí mọ̀ ọ́n. Èmi náà fi orí mọ̀ ọ́n. Ìbàdàn ni ó wà lórí mi kí n tó kúrò ní Ìkẹjà.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni a tún fẹ́ pàdé, ní Ìlọrin náà ni. Ìwé ti wà nínú àpò ẹ̀gbọ́n mi: Ìbàdàn, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, lítà 60. Kúlà yóò bá ọkọ̀ akérò lọ láti Ọjọ́ta ní ọjọ́ Ẹtì.